Ọ̀gá Ajuwọ́sọ́kọ̀

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ọkọ̀ rẹ̀: ó dúdú bí kóró iṣin, gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í dún nígbà tí wọ́n bá tì í. Kò jalè, ó ṣiṣẹ́ rí owó rẹ̀ ni, a kò sì ní kí ó má ra ohun tí ó wù ú. Ìṣẹ́jú kan péré nínú ayé rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ìṣẹ́jú tí àlejò bá wọ ọkọ̀, tí orin ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ọ̀gá wá gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè, tí ó ń fi í yí po nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ó ń ro ẹ̀kọ nínú ìkòkò tí ojú kò rí. Ohùn rédíò á ròkè. Àlejò á ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tẹ̀?” Òun á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Èmi? Mi ò tẹ nǹkan kan o.” Gbólóhùn kan yẹn ni ó fi owó rà. Ìyókù ọkọ̀ náà, ẹ̀ńjìnì, táyà, ìjókòó aláwọ, èènì ni wọ́n jẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ní 2015, BMW gbé 7 Series tuntun jáde, wọ́n sì fi kámẹ́rà kékeré kan pamọ́ sí àjà ọkọ̀ náà níwájú, kí ó máa ṣọ́ ọwọ́ àwọn tí ó bá jókòó síbẹ̀. Yí ìka sápá ọ̀tún, ohùn á lọ sókè. Yí i sósì, á wálẹ̀. Na ìka sí ojú sikirínì, o ti gbé ìpè. Fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ dànù, o ti kọ̀ ọ́. Mercedes kò fẹ́ gbẹ́yìn. Nínú S-Class tí wọ́n gbé jáde ní 2020, kámẹ́rà ń wo ọwọ́, ó tún ń wo orí, débi pé bí awakọ̀ bá bojú wẹ̀yìn wo gíláàsì, aṣọ tí ó ta bo gíláàsì náà á ká ara rẹ̀ kúrò. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ṣe irú èyí lójú ọjà, àwọn ará ọjà á ti mọ ilé oníṣègùn tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń polówó ọkọ̀ yìí kì í tẹnu mọ́: BMW kò yọ kókó rédíò kúrò. Ó wà níbẹ̀ roboto, kò jìnnà sí abẹ́ ibi tí ìka ti ń jó; bọ́tìnnì mìíràn tún wà lára sítíárìn, níbi tí àtàǹpàkò sinmi lé. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Tí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ti òfuurufú fi ju ti àtàǹpàkò lọ, kí ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀: àtàǹpàkò kò ṣeé rí láti ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Èkó, ọ̀gá kì í wakọ̀. Igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ipò rẹ̀, ibi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ́nàsì kọ́nà, níbi tí ó ti lè na ẹsẹ̀ kí ó sì ka ìwé ìròyìn. Kámẹ́rà tí ó wà ní àjà iwájú kò rí i níbẹ̀. Gbogbo agbára tí ó sanwó fún ti bọ́ sọ́wọ́ dírẹ́bà, ẹni tí ó ti kìlọ̀ fún láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé kò gbọdọ̀ dán rédíò òun wò. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, á ní, “Dírẹ́bà, gbé e sókè díẹ̀.” Dírẹ́bà á ní, “Ó dáa, sà,” á fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ara sítíárìn, ohùn á sì ròkè. Kò sí ẹ̀rọ agbóhùn-ṣiṣẹ́ kankan nínú ọkọ̀ náà tí ó tó dírẹ́bà: ó gbọ́ Yorùbá, ó mọ ìgbà tí ọ̀gá ń bínú, kò sì béèrè kí wọ́n fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dáhùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan, tí dírẹ́bà bá gba ìsinmi, ni ọ̀gá ń bọ́ síwájú. Ọjọ́ kan náà ni ó máa ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn jẹ́ kí òun gbé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Jámánì ni ó kọ́ wa pé a lè fara pàṣẹ láìfọhùn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú tí ìyá rẹ̀ fi ní kí ó gba ẹran tí àlejò fún un àti ojú tí ó fi ní kí ó sọ pé òun ti yó. Kọ́ńdọ́ dánfó á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, awakọ̀ á mọ̀ pé ó yá. Ẹni tí ó fẹ́ kó síwájú yín nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á mì í díẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé imú ọkọ̀ rẹ̀ ti wọlé kí ó tó bẹ̀bẹ̀). Ohun tí ó jẹ́ kí gbogbo èyí ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tí a ń juwọ́ sí mọ ìgbà tí a kò bá a wí. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìwé ìròyìn lókè òkun ráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ń fọwọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ẹnì kejì, rédíò á ṣàdédé pariwo. Àwọn yẹn wá láti ibi tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wá fi ọmọ Yorùbá méjì síwájú ọkọ̀ náà, kí ọ̀kan wọ agbádá, kí ó sì máa ròyìn bí àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe pín ilẹ̀ ìdílé. Kò ní tíì dé orí àlà ilẹ̀ kìn-ín-ní tí ọkọ̀ á ti kọ ìpè ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀gá ní ìdáhùn sí èyí, kò sì burú láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní ààbò ni: ẹni tí ó bá ń juwọ́ kò ní gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà láti wá bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́, títí tí a ó fi rántí pé ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ kan fún oṣù kan kì í fojú wá kókó rédíò mọ́. Ọwọ́ mọ̀nà ibẹ̀ bí ó ṣe mọ̀nà ẹnu. Ní 2022, ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Vi Bilägare, dán ọkọ̀ tuntun mọ́kànlá wò pẹ̀lú Volvo V70 kan ti 2005. Wọ́n ń sáré kìlómítà 110 ní wákàtí kan lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ní kí awakọ̀ ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, irú bíi kí ó tan rédíò, kí ó sì mú kí ọkọ̀ gbóná sí i. Volvo arúgbó tí bọ́tìnnì kún ara rẹ̀ parí tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ó sì rin mítà 306 kí ó tó parí. BMW iX gba ìṣẹ́jú-àáyá 30.4. MG Marvel R gba 44.9, ó sì ti rin mítà 1,372, èyí tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá afárá Third Mainland. Lóòótọ́, sikirínì ni wọ́n dán wò níbẹ̀, wọn kò dán ìjuwọ́ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: ọkàn tí ó bí sikirínì, pé bọ́tìnnì ti di ti àgbà, ni ó bí ìjuwọ́. Láti 2026, Euro NCAP, àjọ tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ti ń bu máàkì kù fún ọkọ̀ tí kò bá ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú fún iná ìyapa, wáípà àti fèrè. BMW fúnra rẹ̀ sì ti ń yọ ìjuwọ́ kúrò nínú àwọn ọkọ̀ tuntun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìlu ìlù.

Àwọn kan á ní gbogbo ohun tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní nígbà tí Cadillac fi ẹ̀rọ iná tí ń tan ẹ̀ńjìnì sínú ọkọ̀ ní 1912, àwọn kan á ti rò pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kò lè fọwọ́ yí irin ìtanná. Mo gbà pẹ̀lú wọn, àpẹẹrẹ wọn sì ń jà fún mi. Irin yẹn a máa kán ènìyàn lápá. Ohun tí Cadillac ṣe mú ìnira kan kúrò. Ìnira wo ni ó wà nínú yíyí rédíò? Bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà dì, ABS, wọ inú Mercedes S-Class ní 1978, ìnira tirẹ̀ sì ni ikú. Bíréèkì tí ń tẹ ara rẹ̀ tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọ lu ẹ̀yìn ẹlòmíràn ńkọ́? Àwọn tí ń ṣèwádìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà rí i pé ó dín irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kù sí ìdajì. Ìwọ̀nyí ni ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ tí ó níyì nínú ọkọ̀ ọ̀gá, ó sì ń gbé wọn kiri lójoojúmọ́ láìdárúkọ wọn. Kò sí ẹni tí í pe àlejò wá wo ABS.

Ìjuwọ́ kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn wọn kí búùtù ṣí, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lápò rẹ̀. Ìyá tí ó fọwọ́ ọ̀tún gbé ọmọ, tí ó fọwọ́ òsì gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì, á súre fún ẹni tí ó rò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń kún nínú ilé ọ̀gá? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, dírẹ́bà sì ni, àwọn tí kọ́kọ́rọ́ kì í sí lápò wọn, tí búùtù kì í sì í dáhùn bí wọ́n bá tapá títí di alẹ́. Ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ kì í gbé ju fóònù lọ.

Ìyókù àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́, kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn. Èyí tí ń mú ọkọ̀ dúró láàárín ìlà ń wá ọ̀dà funfun, òpópónà wa tí ọ̀dà ti parẹ́ sì pọ̀. Èyí tí ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì ń fi àyè náà sílẹ̀ fún dánfó. Sẹ́ńsọ̀ tí ń ké tí nǹkan bá sún mọ́ ọn á ké láti Ọjọ́ta dé Ọ́báléńdé, nítorí ọ̀kadà ń gba ọ̀tún, oní-gàlà ń gba òsì. Títí ọ̀gá á fi ní kí wọ́n pa á, wọ́n á sì gbàgbé láti tún un tàn. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá fọ́ bọ́ńpà ni ọ̀gá á mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ wà nínú bọ́ńpà, á sì mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Ládipọ̀.

“Ṣé owó yín ni?” Àtakò tí ó le jù nìyẹn, òun ni ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù. Owó rẹ̀ ni, kò sì fi ṣòfò bí a ṣe rò. Ní ìlú tí a ti ń wo ọkọ̀ kí a tó gba ènìyàn gbọ́, ìka tí ń yí po yẹn lè mú kọ́ńtíráàkì wálé ju lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ lọ. Ká-rí-mi níṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìṣòro ká-rí-mi ni pé kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. 7 Series ti 2015 ti di tòkunbọ̀ báyìí. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń gbé e lọ sí òde àríyá, ó ń yí ìka fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ náà sì ń ya fídíò. Ìgbà tí ọ̀gá rí i, ó kó ìka rẹ̀ sápò. Ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ kan wà ní Jámánì tí òfin gbà kí ó máa wa ara rẹ̀ lórí àwọn òpópónà márosẹ̀ kan, ó sì ti ní kí wọ́n bá òun béèrè iye rẹ̀.

Kí wọ́n tó mú èsì wá, èyí tí ó wà nílẹ̀ ń gbé e darí sílé lálaalẹ́. Iná iwájú á tan ara rẹ̀, wáípà á nu òjò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, ìjókòó á máa tẹ ọ̀gá lẹ́yìn. Ọkọ̀ á dé iwájú géètì, á sì dúró. Dírẹ́bà á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á na án mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn á jókòó sínú ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀, títí mẹ́gáádì á fi rí bàtà rẹ̀ kejì.