Akọ́díọ́nù Ẹlẹ́nu Méjì

Ẹ̀bi I.K. Dairo ni. Òun ló mú akọ́díọ́nù wọ inú jùjú, tó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo bá lọ ra ti àwọn ará Ireland, èyí tí wọ́n ń pè ní B/C: bọ́tìnnì 23 lọ́wọ́ ọ̀tún, 8 lósì. Bọ́tìnnì kan náà, tí o bá tì í, ohùn kan. Tí o bá fà á, ohùn mìíràn. Ẹlẹ́nu méjì gbáà! Ìlà bọ́tìnnì kan jẹ́ ohùn B, ìkejì C, bẹ́ẹ̀ ohùn D ló pọ̀ jù nínú orin Ireland. Ká kọ́lé sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ká wá máa sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́!

Bọ́tìnnì kan wà níbi àtàǹpàkò òsì tí ẹ̀rọ náà fi ń mí. Mo gbàgbé rẹ̀ lálẹ́ àná. Orin ò tíì dé ìdajì tí apá mi méjèèjì ti nà tán bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ àna. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná:

“Bàbá Ìbejì, ewúrẹ́ ta lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra akọ́díọ́nù, kó bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun á fi owó ọkọ̀ kún un.