Odò Dúdú, Adágún Oníyọ̀

Ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó bá fẹ́ ṣe fàájì ọjọ́ kan kò ní láti rìn jìnnà. Odò Dúdú wà ní Adjarra nítòsí, omi rẹ̀ dúdú kirimú. Odò òrìṣà ni, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú ọkọ̀ ọpọ́n, àfi ẹni tó ti tọ́ sódábì wò, ìyẹn àbúrò ògógóró.

Ti adágún Nokoué ló le. Lọ́dún 1885 làwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi ní Kútọnu, tí wọ́n fi so adágún náà mọ́ òkun. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, adágún náà a bá òkun ṣe, a di oníyọ̀. Bí odò Ouémé bá kún, a kẹ̀yìn sí òkun, iyọ̀ a pòórá. Mo mọ àwọn olóṣèlú tó dà bíi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ní Ganvié, ìlú orí adágún náà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àlejò ará Èkó kan rí ìyá kan tó ń ra iyọ̀ nínú ọkọ̀.

“Ìyá, omi oníyọ̀ ló yí yín ká, kí lẹ tún ń ra iyọ̀ ṣe?”

“Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ló yí ìwọ náà ká l'Ékòó, kí lo ra fáànù ṣe?”