Sí Ọ̀gbẹ́ni Oṣù-Mẹ́ta ti Kumasi

Àbúrò mi,

Ìròyìn rẹ ti dé etí wa. Wọ́n ní o fẹ́ wá bá wa ṣe Iléyá. Inú wa dùn, a ti ń wo àgbò. Àmọ́ wọ́n tún ní kò sí awakọ̀ kan ní gáréèjì Kumasi tí o kò tíì bi léèrè ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọjá ní Aflao, ẹnu bodè Gánà àti Tógò, tí àwọn ìmígíréṣọ̀n ò fi ní rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà yìí síta gbangba. Bí mo bá kọ ọ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀, o máa kà á, o máa rẹ́rìn-ín, o máa ní "Ẹ̀gbọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀", ó sì parí síbẹ̀. Bó bá wà níta, ìyá rẹ á rí ẹni kà á fún un. Àti pé ìwọ nìkan kọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Oṣù-Mẹ́ta tó wà ní ìlú yẹn. Láti Suame dé Asawase, ẹ ò níye.

Ẹ jẹ́ ká ro ẹjọ́ rẹ bó ṣe rí. O gba Aflao wọ Gánà, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ, wọ́n fún ọ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọjọ́ pé, o ní ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni. Ó tún pé lẹ́ẹ̀kejì, o ní oníbàárà kan ṣì jẹ ọ́ lówó. Nígbà tó fi máa pé lẹ́ẹ̀kẹta, o ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Suame Magazine, o ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, gbogbo obìnrin tó ń ta waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà wọn, ládùúgbò ti mọ iye ẹyin tí o máa ń fi sí i. O wá ń fi Twi kí ìyá rẹ lórí fóònù, obìnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Kumasi àti Kàdúná! Gbogbo ayé ti gbà pé o ti di ará Kumasi. Òǹtẹ̀ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ nìkan ni ò tíì gbọ́.

Mo mọ ohun tí o máa wí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa." Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ECOWAS ni wá. Dakar ni àwọn olórí ìjọba wa ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, èmi náà sì ti kà á. Ó ní kí o mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, kí o mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, kí o wọlé láìgba físà, kí o lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí o bá fẹ́ lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní kí o lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ìlú tí o wà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ kì í gbọ́. Ó jọ pé níbi tí wọ́n ti ń kà á fún yín ní gáréèjì Mile 2, mọ́tò ti gbéra kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1986 fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn náà ní kí onítọ̀hún gba ìwé àṣẹ. Ọ̀nà tó tọ́ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, o kàn kọjá lára rẹ̀ ni.

Ká ní o wà lára àwọn tí àrùn kòrónà há mọ́ ibẹ̀ ni, ǹ bá gbè sẹ́yìn rẹ. Gánà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé láàárín ìgbà yẹn, tí kò sì lówó ọkọ̀ òfuurufú, ó ní ohun tó máa wí níwájú ẹnikẹ́ni. Ìwọ, ẹ̀yìn ìgbà náà lo lọ. Bodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìwọ ni o ò rántí.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé o gbà pé ọ̀nà ilẹ̀ kì í rántí nǹkan. O ní pápákọ̀ òfuurufú nìkan ni kọ̀ǹpútà wà, pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Ó dáa. Jẹ́ kí n bá ọ rìn ín.

O kúrò ní Kumasi lóru, o dé Accra ní ìdájí, nǹkan bí 250 kìlómítà. O wọ mọ́tò Aflao. Bí èèyàn bá dúró ní Aflao, Lomé ló ń wò níwájú yẹn, ilé ń kan ilé. Ọmọkùnrin kan á wá bá ọ pẹ̀lú ọ̀kadà, á ní kí o má fòyà. Á gbé ọ gba ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ óò ya aṣọ tí wọ́n sá sí i, ajá á gbó yín, lójijì o ti bọ́ sí Tógò. O yọ̀. O ti fi ara rẹ ṣe fàyàwọ́ bí àpò ìrẹsì.

Àmọ́ àpò ìrẹsì kì í ní ìwé ìrìnnà, ìwọ ní. Nínú ìwé yẹn, Gánà sọ pé o wọlé, kò sọ pé o jáde. Tógò ò mọ̀ pé o dé. Ọ̀nà etí òkun tó la Tógò kọjá kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, o ò tíì jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ tán tí o fi máa dé Hilla-Condji. Ọlọ́pàá Tógò tó wà níbẹ̀ á ní kí o gbé ìwé wá, á bi ọ́ níbo lo gbà wọ ìlú àwọn. Kí lo máa sọ? O tún máa wá ọlọ́kadà mìíràn ni. Bẹ̀nẹ̀ náà kò ní mọ̀ pé o dé nìyẹn. Grand-Popo, Ouidah, Kútọnu, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá mọ́tò dúró ni àyà rẹ á ti máa já. Nígbà tí o bá fi máa dé Kraké, tí o ń wo Sẹ̀mẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí o ṣẹ̀ ní Gánà ti di mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta, èdè Faransé ni wọ́n sì máa fi ka méjì nínú rẹ̀ sí ọ létí. Ìwọ tí Faransé rẹ kò kọjá "bonjour".

Wá ṣírò owó náà wò. Owó ọlọ́kadà àkọ́kọ́, owó ìkejì, owó ẹni tó bá ọ wá wọn, àti èyí tí o máa kì bọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà, tí kò ní já rìsíìtì fún ọ. Mo rò pé ìtanràn tí o ń sá fún kò ní fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. O sì tún fẹ́ padà sí Suame lẹ́yìn Iléyá. Ìwé kan náà ni wọ́n máa ṣí, wọ́n á rí òǹtẹ̀ ìwọlé láìrí ti ìjáde, wọ́n á sì wò ọ́ lójú. Kánádà tí o máa ń dárúkọ lójú oorun ńkọ́? Ẹ́ḿbásì tó bá fẹ́ fún èèyàn ní físà máa ń tú ìwé ìrìnnà onítọ̀hún wò ojú ewé sí ojú ewé. Àwọn ìyẹn kò mọ ọlọ́kadà Aflao, kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí kò bá ẹ̀fẹ̀ lọ púpọ̀. O mọ̀ pé títí Bàbá àgbà wa fi kú, "Ará Gánà" ni gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é. Ọmọdékùnrin ni nígbà tó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kumasi, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń jẹ lórí Èkó àti Gold Coast. Gánà gba òmìnira ní 1957, àwa gbà á ní 1960, Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nídìí ọjà wọn ní Kejetia ní Kumasi, wọn ò mọ̀ pé àwọn ti di àjèjì níbi tí àwọn ti gbéyàwó, tí wọ́n ti bímọ. Wọn ò kéré níye. Ìkànìyàn ọdún 1960 ka nǹkan bí 100,000 Yorùbá ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò wa ló dá a sílẹ̀. Bàbá tiẹ̀ ń sọ Twi débi pé ó ń fi ṣépè, ìwọ ṣì ń fi kíni lásán.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àbí kó fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ò ní in, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi ní in. Ọjà tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ, wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè kò san án. Ọ̀nà Aflao tí o fẹ́ yọ́ gbà yìí gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn gbà. Ilé tí wọ́n ń bọ̀ wá bá náà kò tòrò: ogun Bìáfíráà ṣì ń jà, ọdún náà sì ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé nínú rògbòdìyàn owó orí. Bàbá kúrò nílé àwọn tó ní kó máa lọ, ó dé ìlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti pa ọba.

Mi ò sọ pé òfin Busia dára. Kí o fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìkà ni, màá sì sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Bàbá gbà pé ọdún tí òun ti lò ní Kumasi ti tó ìwé. Kò tó. Òun kò mọ̀ ọ́n ni, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìwọ mọ̀ ọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún ọ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, o tún wá ń rin ọ̀nà tí Bàbá rìn.

Kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ará Kumasi tó bá ń kà á má rò pé àwọn nìkan ni mò ń bá wí. Àwa náà ṣe é fún wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wa, Alhaji Ali Baba, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni o! Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ni àwọn èèyàn bá há sójú ọ̀nà láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Aflao títí Rawlings, olórí Gánà nígbà náà, fi ṣí i. Àwọn tó kọ́ wa ní ìṣirò ní ilé ìwé girama wà lára wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ló di "Ghana Must Go" mọ́ wa lẹ́nu, òun náà sì ni ìwọ fi kó ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ wọn. O ò tiẹ̀ tijú.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù Suame, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, n kò fẹ́ fi ba ọdún jẹ́. Ṣáà mọ̀ pé òfin tí Gánà ṣe ní 2013 ní kí àjèjì tó bá fẹ́ ra ọjà tà kó mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀, kó sì gba ó kéré tán ogún ọmọ ìlú síṣẹ́. Ìwọ tí o ṣì jẹ mí ní owó mọ́tò tí o fi lọ! Ní 2019, àwọn oníṣòwò ọmọ ìlú tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Suame kan náà yìí. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé á lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò wà.

Nítorí náà, kí o tó san owó mọ́tò, lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n tó wà ní Kumasi níbẹ̀. Wọ aṣọ tó mọ́. Mú ìwé ìrìnnà rẹ dání, mú ẹnìkan tó mọ̀ ọ́ níbẹ̀ dání, àgbàlagbà bó bá ṣeé ṣe. Sọ òótọ́ pé ọjọ́ rẹ ti kọjá, pé o fẹ́ lọ sílé, kí o sì bi wọ́n ní iye tí o máa san. Má ṣe sọ Twi fún wọn, wọ́n á bi ọ́ ibi tí o ti rí àyè kọ́ ọ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. San ìtanràn náà, gba rìsíìtì, kà á kí o tó kúrò níwájú wọn, kí o wá gba ẹnu bodè Aflao jáde ní ọ̀sán gangan. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún ọ, kí Tógò tẹ tiwọn, kí Bẹ̀nẹ̀ náà tẹ tiwọn. Bí o bá sì fẹ́ padà, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kí oṣù mẹ́ta tuntun tó pé.

Bí ìtanràn náà bá ju agbára rẹ lọ, tètè pè mí. A máa yọ ọ́ nínú owó àgbò, ewúrẹ́ la ó pa lọ́dún yìí, ìwọ ni o sì máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé. Mú rìsíìtì náà bọ̀, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.