Oríkì Àdàmọ̀dì, A-jọ-má-jẹ́

Mo ra ṣájà ní ibùdókọ̀ Kétu l'Ékòó. Mo délé, mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ihò iná, ó rú èéfín. Mo mọ̀ pé ọba ló wọlé yẹn. Mo yáa dìde, mo ń kì í:

Àdàmọ̀dì, A-jọ-má-jẹ́!
A-jọ-má-jẹ́ tí í jẹ owó onílé, tí í jẹ ti àlejò.
Ó jọ nínú páálí, ó jó lára ògiri.
Kẹ́ẹ̀gì rẹ jọ kẹ́ẹ̀gì, ó jò kí n tó kúrò nídìí ẹ̀rọ omi.
Bàtà rẹ jọ awọ, ó já sínú ẹrẹ̀ Mile 12.
Orúkọ olórúkọ lò ń jẹ́, o kàn yọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀ fi ṣe sàárà.
A-gbé-irin-mì-kó-lè-wúwo!

Àbí irọ́ ni? Ẹ̀mẹ̀wà rẹ tó tà á fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rìjínà ni, ẹ gbé e wò bó ṣe wúwo.” Ìgbà tí mo tú ikùn ṣájà, irin kan ló jókòó síbẹ̀, kò níṣẹ́, kò lábọ̀. A-gbé-irin-mì, ìwúwo ní í bẹ lára rẹ, ọlá kọ́!

Tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ní Mile 12 ò lè bá ọ dọ́gba. Òun ń rà kí a tó rà á. Ìwọ kì í rà, ojúlówó nìkan ní í rà.

Ẹ jẹ́ á fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Ní 1988, ìnsúlínì àdàmọ̀dì ni wọ́n gún fún Vivian, àbúrò Dora Akunyili, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Ó kú. Ní 2001, Dora di olórí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ó gbógun ti àwọn oníṣòwò oògùn àdàmọ̀dì títí wọ́n fi yìnbọn sí i ní Oṣù Kejìlá 2003. Ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Oògùn tó jọ, tí kò jẹ́, ìpànìyàn ni. Kò sí oríkì fún un.

Ṣájà nìkan ni mo lè kì. A-jọ-má-jẹ́, lọ́la n ó tún gba Kétu lọ ra òmíràn, torí owó ojúlówó ò sí lápò mi, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má rò pé ìfẹ́ wa lo fi jọba. Ọ̀wọ́n ojúlówó ni afọbajẹ rẹ. Ọjọ́ tí owó wa bá ká a, a ó gbé igbá wá fún ọ, kí o ṣí i wò.