Ọ̀nà Tó, Ẹnubodè Ló Tì

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé èyí fún ará Ugbónlá, ìlú orí omi. Bí koríko omi bá dí odò kan, ọlọ́kọ̀ á gba òmíràn yọ sí Igbókọ̀dá, ẹja á sì dé ọjà kó tó bàjẹ́. Àwọn ọ̀làjú òde òní náà gbọ́ òwe yìí. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni pé wọ́n ń ra káàdì SIM.

Ẹ wo ọ̀gá kan tó ń ti Èkó bọ̀ wá sin bàbá rẹ̀ ní Ugbónlá. Fóònù mẹ́ta ń bẹ lápò rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Íméèlì tó kọ sí iléeṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè kọ̀, kò lọ. Ó pààrọ̀ SIM, kò lọ. Ó dìde nínú ọkọ̀, ó na fóònù sókè bí ẹni tó ń kó ọmọ tuntun jáde. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, ọkọ̀ á dojú dé o,” ni ọmọ tó ń wakọ̀ wí. Ọ̀gá jókòó, ó bú nẹ́tíwọ̀kì, ó bú ìjọba, díẹ̀ ló kù kó bú Ọlọ́kun mọ́ ọn.

Èmi kì í sábà gbè sẹ́yìn àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì, àmọ́ wọn ò jẹ̀bi tèyí. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982 ni Jon Postel ti kọ òfin SMTP tí íméèlì fi ń rìn, ẹnubodè 25 sì ni lẹ́tà ń gbà. Láyé ìgbà náà, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi í ránṣẹ́) tó bá wù ọ́ lo lè bẹ̀ níṣẹ́; kò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Àfi bí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ṣe fi ìpolówó àti jìbìtì kún ibẹ̀. (Ẹ jẹ́ ká fẹnu mọ́ ẹnu lórí ipa tí àwọn ọmọ wa oní-419 kó.) Ni sáfà bá tilẹ̀kùn mọ́ àjèjì, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì dí 25 mọ́ àwọn oníbàárà wọn. Sáfà iléeṣẹ́ ọ̀gá wa yìí, ẹni tó bá ti inú ọ́fíìsì kọ̀wé nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá ti orí omi wá, àjèjì ni, ì báà ní ogún SIM.

Bẹ́ẹ̀, láti 1998 ni wọ́n ti ya ẹnubodè 587 sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọn kì í bi ọ́ níbẹ̀ pé ibo lo ti ń bọ̀. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni wọ́n ń bèèrè. Òtẹ́ẹ̀lì l'Ákùrẹ́ ni o, àárín omi ni o, ìlẹ̀kùn kan náà lò ń kàn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tiẹ̀ sọnù, lẹ́tà á dúró nínú Outbox dìgbà tó bá dé. Tí sáfà bá sì ti gbà á, kì í kánjú: bí kò bá bá ẹni tó ń wá nílé, á máa padà lọ fún ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó sọ pé ó sú òun.

Ọ̀gá ò ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọ̀kan bá ti kọ̀ ló ń kọ òmíràn. Ìgbà tí wọ́n sìnkú tán, tó padà sí ọ́fíìsì l'Ékòó, gbogbo wọn bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà: lẹ́tà mẹ́sàn-án tó ń tọrọ àyè láti lọ sin bàbá. Iléeṣẹ́ fèsì pé kò sáyè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtiwálé, ẹ yí 25 inú fóònù yín sí 587, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra SIM kẹrin.