Ọ̀gá Tó Ní Oorun Ń Kun Òun Nídìí Àpàlà

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ mi, ará Àgọ́-Ìwòyè. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì lẹ́kọ̀ọ́, ìwé sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá sín, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sín. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé àwọn àgbà kan fẹ́ ṣeré àpàlà mọ́jú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ń yínmú sí mi. Ó ní orin àwọn tí eyín ń mì ni. Ó ní bí olórin bá jókòó kọrin, kí ni ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò ṣe bí kò ṣe kó sùn?

Òótọ́ ni o. Haruna Ìṣọ̀lá, Baba Gàní Àgbà, olórin àpàlà ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í dìde kọrin nígbà ayé rẹ̀. Yóò jókòó pẹ̀sẹ̀, onígángan méjì, alágídìgbo, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alákùúbà àtàwọn elégbè yóò yí i ká, ohùn rẹ̀ yóò sì máa rọra jáde bí ohùn ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Jíjókòó yẹn náà ló fi ṣe Oroki Social Club lọ́dún 1971, àwo orin tí wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Mo wá bi ọ̀rẹ́ mi pé ìwọ tó ò ń dúró kọ́ ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìwé kékeré tó o tẹ̀ fún wọn, mélòó lo tíì tà? Ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kí n tó máa bú u lọ, ẹ jẹ́ kí n bú ilé wa náà díẹ̀. Lọ́dún 1948, Haruna ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Orímolúsì Adéboyè, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ló sì fi kì. Àwo náà kò tà. Ọba wàjà, Haruna tún un ṣe lọ́dún 1955, òkìkí bá kàn. Ẹ wo àwa Ìjẹ̀bú! Ọba ń bẹ láàyè, a ò rówó ra àwo; ọba wàjà, kálukú ń du tirẹ̀. Òkú la mọ̀ ọ́n náwó fún. Àwọn ará Abẹ́òkúta yóò ní Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tiwọn, làwọn mọ̀ ní tàwọn. Ẹ̀gbá, ẹ ṣe jẹ́jẹ́, ojú yín la ṣì ń wò.

Ohun tó gbé ọ̀rẹ́ mi dé òde yẹn kò ju ìkókoré lọ. Mo ní wọn yóò sè é, ó wọ agbádá. Ọ̀rẹ́ wa kejì, ará Àbígí ní Wọ́tàsáìdì, ló wakọ̀. Kòtò ojú ọ̀nà ti jẹ́ kó jó kó tó gbọ́ ìlù. Bá a ṣe ń kọjá ní Orù ni ọ̀gá, ọ̀rẹ́ mi olùkọ́, ń kìlọ̀ pé tó bá ti di aago mẹ́wàá, òun ń lọ sùn ní tòun.

A débẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn onílù, ó ń tẹ fóònù. Àgbà kan gbé agídìgbo lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta á. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ń lu ilẹ̀. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Òsì náà bẹ̀rẹ̀.

Onígángan kan sún mọ́ ọn, ó dojú ìlù kọ ọ́ létí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé agbádá lé èjìká, ó dìde. Ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ bó ṣe ń kì mí?" Mo gbọ́. Ohun tí gángan ń wí ni pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ìyá kan tó jókòó tì wá rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. N kò sọ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ ba ijó gidi jẹ́?

Onílù kò lọ. Ó ń retí owó. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi rántí òfin. Ó ní òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ó ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde ijó, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ìyá onígèlè gbọ́ ọ tán, ó rọra na igbá kan sí i, ó ní òfin kò dárúkọ igbá. Ìjẹ̀bú kì í rú òfin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìṣẹ̀fẹ̀: òde yẹn dùn ju bí mo ṣe rò lọ, èmi tí mo tilẹ̀ ń polówó rẹ̀. Ohùn àwọn àgbà yẹn kò ga, a sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí. Ìlù á rọlẹ̀, gbogbo èèyàn á dákẹ́ tẹ́tí, òwe kan á jáde, ariwo á sọ látẹ̀yìn. Mo ti lọ òde tí wọ́n to ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan òrùlé rí; àyà mi ló jó níbẹ̀, èmi kò jó.

Lọ́gànjọ́, wọ́n ta sí Soyoyo, orin tí Músílíù, ọmọ Haruna, fi gbé àpàlà wá bá àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2000. Ọ̀rẹ́ mi tí kò mọ àpàlà kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó gba ti olórin, ó gba ti elégbè, ó tún fẹ́ gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ olóhun. Aago mẹ́wàá ti lọ tipẹ́, a ò gbúròó oorun. Ìkókoré tó tìtorí rẹ̀ wá ńkọ́? Ará Àbígí ló jẹ ẹ́. Ó ní òun ti jó ijó tòun lójú ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ má sún mọ́ ọn o. Ó ti di ọ̀gá àpàlà, ó ń ṣàlàyé Haruna fún èmi tí mo mú un lọ. Ó ní tá a bá tún ń lọ, ká pe òun, lọ́tẹ̀ yìí òun á rówó sí igbá. Mo ti ní kí ará Àbígí wá ṣe ẹlẹ́rìí.