Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì Tí Ètè Mi Rà

Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà ní Mile 12, ó yẹ kí ètè rẹ̀ méjèèjì pé. Ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni tèmi ní Ọjọ́rú yẹn. Ààbọ̀ tó kù ti sùn lọ. Abẹ́rẹ́ tí dókítà eyín gún mi ní Ketu kò tíì pé wákàtí kan, òwú sì wà lẹ́nu mi níbi tí eyín ọ̀gán kan ti ṣí kúrò láàárọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀: mi ò gbọdọ̀ tutọ́, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kí n ṣáà di òwú yẹn mú ṣinṣin.

Èmi kọ́ ni mo ní ká lọ sọ́jà. Màámi ni. Sátidé ni ayẹyẹ àádọ́rin ọdún wọn, wọ́n sì ti pinnu pé tí wọ́n bá yọ eyín mi tán, a óò wọ dánfó lọ ra ata. "Ẹnu ló ń dùn ẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Wọ́n fi mí sídìí tòmátì, àwọn fúnra wọn lọ wo tàtàṣé. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níwájú mi, tó pupa dán lókè. Ọmọ Ketu ni mí, mo mọ̀ pé èyí tó fọ́ ló wà nísàlẹ̀. Mo ti ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ìyá olójà tó ní, "Àǹtí, ẹ má da tòmátì mi láàmú. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ni."

Mo fẹ́ sọ pé ọgbọ̀n. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò: ẹ fi ìka méjì di ètè ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ wá sọ pé "ọgbọ̀n". Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "ọ̀ọ̀n".

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Ó gbà! Alábàárù dà?"

Mo mi orí. Mo tún un sọ, mo fi agbára sí i: "Ọ̀-ọ̀n!"

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ óò jèrè ẹ̀."

Ọjọ́ náà ni mo mọ iṣẹ́ tí ètè ń ṣe nínú èdè wa. Èèyàn lè fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo ti rí àwọn tó ń ṣe é ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mò ń gbé. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ní "ó pọ̀ jù", ó di "ó họ̀ jù". Alábàárù ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, mo ní kó gbé e kalẹ̀, "é e kalẹ̀" ló gbọ́, ó rò pé mò ń kí òun. Ibi tí mo ti ń bá "gb" jìjàkadì ni òwú ti fò jáde, tí itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n mi.

"Yéè! Ta ló lù ú?"

Mo ní, "Eyín ni." Ìyẹn jáde ketekete, kò nílò ètè.

"Eyín! Ó ti lu eyín jáde lẹ́nu ẹ̀!" Àwọn alálùbọ́sà dìde. Wọ́n bi mí níbi tí ọkọ mi wà. Bristol kò ṣeé pè, mo bá ní "Lọ́ńdọ̀nù".

"Ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lù ú!"

Ẹnì kan fún mi ní omi, ẹnì kan ń nu àgbọ̀n mi, ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí fi ọkọ mi gégùn-ún tó gùn tó ọ̀nà Ìkòròdú. Nígbà tí Màámi fi máa dé, olójà ti fi rodo ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe ènì fún mi, nítorí ìyà tó ń jẹ mí lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Owó tòmátì nìkan ni kò dín. Ó ní ẹnu mi ni mo fi gbà.

Màámi wò mí títí. "Kí ló dé tí o ò sọ pé 'tátì'? Tátì nílò ètè ni?"

Mò ń rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú kiri ní Bristol, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló lù mí. Nígbà tí a fẹ́ tún físà ṣe ní 2024, owó ìlera tí ìjọba ibẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àjèjì ti fò láti £624 sí £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà kan. Mo san án. Mo rò pé eyín wà lára ara. Wọ́n ní rárá, eyín ní owó tiẹ̀: ní 2025, £75.30 ni wọ́n ń gbà láti yọ ọ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ìyẹn tí o bá rí dókítà tó máa gbà ọ́. Ibi mẹ́sàn-án ni mo pè, wọn ò gba èrò tuntun. Mo pe aládàáni kan, mo gbọ́ iye rẹ̀, mo rọra gbé fóònù kalẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Fẹ́búárì 2024, tí ilé ìtọ́jú eyín kan ṣí ní St Pauls ní Bristol, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló tò síta, tí ọlọ́pàá fi wá bójú tó wọn. Mo kọjá nínú bọ́ọ̀sì, mo rò pé ìrẹsì ni wọ́n ń pín. Nígbà tí mo gbọ́ pé eyín ni, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Àìlówó jẹ́ àwáwí tó dára fún ojo.

Ní Ketu, aago mẹ́sàn-án la wọlé, aago mẹ́wàá la jáde. Ogún ẹgbẹ̀rún náírà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìnṣọ́ránsì, "káṣì àbí tiransifá?" nìkan ni wọ́n bi wá. Mo rí abẹ́rẹ́, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Orí àga yẹn ni wàá tọ̀ sí."

Mo délé, mo ń yangàn pé ogún ẹgbẹ̀rún péré, bíi pọ́n-ùn mẹ́wàá. Bí àwa ará òkèèrè ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ayálégbé wa kan wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ọ̀gá tiẹ̀ kì í san tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ki kànáfùrù bọ ihò eyín, tó ń rin orin ata kí ẹnu lè kú.

"Ẹnu tiyín kú fún wákàtí mẹ́ta, àǹtí. Tèmi, ojoojúmọ́ ni mò ń pa á."

Mi ò rí èsì fún un. Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì tó ti fọ́ sọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà lóòótọ́.

Lálẹ́, ọkọ mi pè láti Bristol. Màámi já fóònù gbà. Ọkọ mi ní òun ò lu ẹnikẹ́ni. Màámi ní àwọn gbọ́, àmọ́ Mile 12 ti dájọ́. Kó fi ogún ẹgbẹ̀rún tó lé lórí tòmátì ránṣẹ́. Ká tó jẹun tán, álàátì ti wọlé.